Ìgò Alákìísà Pupa àti Ẹgbẹ́ Àwa Akẹ́kọ̀ọ́ Apoògùn

Ọ̀gá wa kò kí wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé ìgò kan wọlé lórí àwo irin, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì tí a ti ń po oògùn, ó sì yára fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó gbé ejò sílẹ̀. Ìgò kékeré ni, aláwọ̀ igi, irú èyí tí àwọn ará oko máa ń mú wá láti fi gba oògùn ikọ́. Òórùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ta wá nímú títí omi fi lé ròrò sí mi lójú.

"Ta ló wà nídìí fèrèsé lánàá?"

Dáúdà, ọ̀kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́, ní òun ni.

"Obìnrin kan láti Arimogija wà ní wọ́ọ̀dù báyìí," ni Ọ̀gá wí. "Gbogbo ẹnu rẹ̀ ló ti bó. Ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó mu oògùn yìí. Ọlọ́run ló ní kí ìyá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò." Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ti ń pariwo ìgò, ìgò, ìgò. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, kí ariwo yín lè jọ òótọ́. Ẹgbẹ́ yín ló ṣe é. Mo ti ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá."

Kó tó sọ gbólóhùn yẹn, mo rò pé àṣìṣe ló ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tó dárúkọ ẹgbẹ́ ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí, nítorí èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà.

Mi ò ní dárúkọ ọsibítù yẹn, mi ò sì ní dárúkọ Ọ̀gá wa. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, àwọn mìíràn nínú wọn sì wà nípò. Mo ti rí ohun tí ẹni tó wà nípò lè ṣe fún ẹni tí kò sí níbì kankan, n kò sì fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ níṣẹ́ lónìí máa ń sọ pé mo ń bẹ̀rù jù. Òótọ́ ni. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò pa ìbínú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ùsò ni wọ́n ti bí mi. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo fi ọdún díẹ̀ ṣe iṣẹ́ oko pẹ̀lú bàbá mi, kí wọ́n tó gbà mí sí ọsibítù náà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ láti kọ́ iṣẹ́ apoògùn. Òmìnira kò tíì dé nígbà náà. Òyìnbó ni dókítà àgbà, ọmọ ilẹ̀ wa sì ni Ọ̀gá wa tó ń ṣe olórí ilé oògùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí à ń ṣe pọ̀ ju ẹ̀kọ́ lọ. À ń gún oògùn, à ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, à ń rò ó pọ̀ nínú ìkòkò ńlá, a ó sì fi àrọ bù ú sínú ìgò fún aláìsàn láti ojú fèrèsé.

Ìgò yìí gan-an ni wàhálà wa. Ọsibítù kì í fún aláìsàn ní ìgò. Kálukú ló ń mú tirẹ̀ wá láti ilé: ìgò ọtí, ìgò òróró, ìgò epo òyìnbó, ìgò tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rí. Àwa la máa fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, omi gbígbóná máa ń wà lórí iná ní ẹ̀yìn ilé oògùn láti àárọ̀, sódà ìfọṣọ sì máa ń wà nínú agolo. Apoògùn àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń yà wò wá, ló kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó. "Ẹ bu sódà sínú ìgò kí ẹ tó rọ omi sí i," ni bàbá náà máa ń wí. "Tó bá dákẹ́, ẹ fọ̀ ọ́. Tó bá hó gùgùgù, ẹ jù ú nù, ohun tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀."

Ohun kejì tí a ń ṣe ni àkísà pupa. Àwọn oògùn kan wà fún ìpara nìkan, bí irú èyí tí à ń fi pa oríkèé tó ń ro ni. Aláìsàn wa kò mọ̀wé, nítorí náà a máa ń so àkísà pupa mọ́ ọrùn ìgò oògùn ìpara. Èyí tí kò bá ní àkísà, mímu ni. Dáúdà ló máa ń kéde rẹ̀. Ọmọ Àkókó ni, àwọn òbí rẹ̀ ń ṣòwò ní Ọ̀wọ̀, ohùn rẹ̀ sì lè jí òkú. Ní àràárọ̀, á yọ orí jáde lójú fèrèsé sí àwọn tó tò síta:

"Ẹ̀yin ìyá mi, àkísà pupa ńkọ́?"

Wọ́n á dáhùn pé, "Ìpara ni."

"Èyí tó wà níhòòhò ńkọ́?"

"Mímu ni."

"Ẹni tó bá mu aláṣọ?"

"Yóò rí ojú baba-ńlá rẹ̀." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Títí kan àwọn tó ń wúkọ́.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá wa dá igi ìdáná dúró. Ó ní ìfiṣòfò ni. Lẹ́yìn náà, sódà náà kò wá mọ́. Ó ní kí a máa fi omi tútù ṣan ìgò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Elegbeka lọ bá a ní òun nìkan, ó ní èyí kò dára. Kò lo ọ̀rọ̀ burúkú kankan. Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, pé ó yájú sí ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Òfin ọsibítù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo kò ní ẹnu níwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ibẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí nìkan ló lè rán ẹnì kan wá jókòó nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹgbẹ́. Àwọn akọ̀wé ní ẹgbẹ́. Àwọn tó ń gé koríko pàápàá ní ẹgbẹ́. Àwa nìkan ni kò ní.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Apoògùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ilé òkú la ti ń ṣèpàdé, nítorí kò sí ẹni tó máa wá tẹ́tí gbọ́ wa níbẹ̀. Dáúdà ní àwọn tó wà nínú ilé náà nìkan ni kò ní sọ̀rọ̀ wa síta. Wọ́n fi í ṣe alága, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. A kọ ìwé sí Ọ̀gá wa kó bá wa gbé e dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹgbẹ́ wa. Ó kà á lójú wa, ó sì fi nu gègé ìkọ̀wé rẹ̀.

"Ẹgbẹ́ kí?" ni ó wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ìgò? Ẹ jẹ́ kí n má gbọ́ ọ mọ́."

Òun fúnra rẹ̀ tó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ ló wá ń kéde ẹgbẹ́ náà fún ọlọ́pàá.

Wọ́n dá Dáúdà dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọlọ́pàá gbé ìgò náà lọ, wọ́n sì ní kí àwa yòókù má kúrò nílùú. Ọ̀gá ní kí ìgbìmọ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà kíákíá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí wọ́n lé Dáúdà àti akọ̀wé rẹ̀, kí ọlọ́pàá sì mú àwọn méjèèjì. Mo lóye ìdí tó fi ń kánjú. Obìnrin náà, Ìyá Bọ́lá, ni ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ibi tí ìgò ti wá, ahọ́n rẹ̀ sì wú débi pé kò lè sọ ohunkóhun. Kò mọ̀wé kọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́ kí ẹnu rẹ̀ tó san, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá nìkan ló máa wà nílẹ̀. A gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dúró dè é. Ta ló máa bẹ̀bẹ̀? Ẹgbẹ́ tí wọn kò fọwọ́ sí kò ní ẹnu.

Kí ìgbìmọ̀ tó lè gba ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan yẹ̀ wò, àgbà òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ dúró fún un. Mo lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì. Akọ̀wé àgbà ní òun ní ìyàwó àti ọmọ. Olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ oògùn ní kí n padà wá lọ́la, nígbà tí mo padà, ó ti rìnrìn àjò. N kò dá wọn lẹ́bi púpọ̀, èmi náà ìbá sá bí mo bá rí ibi sá sí. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú wọn títí dòní.

Mo wá lọ bá Sístà Àgbà, olórí àwọn nọ́ọ̀sì. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọmọ ìjọ Àgùdà, obìnrin tí kì í gbóhùn sókè, tí gbogbo ènìyàn sì ń bẹ̀rù. Òun ló ń fi ṣíbí kékeré bu omi ẹ̀kọ sí Ìyá Bọ́lá lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Dìde," ó wí. "Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Rárá, Mà."

"Ṣé ẹ fọ ìgò náà?"

"Omi tútù díẹ̀ la fi ṣàn án, Mà, òórùn oògùn kò sì jẹ́ kí a gbọ́ òórùn ohun tó kù nínú rẹ̀. Wọn kò fún wa ní sódà mọ́, wọn kò fún wa nígi."

Ó nu ẹnu obìnrin náà. "Láti ọjọ́ tí ẹ kò ti rí igi mọ́ ni inú rírun ti pọ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé," ni ó wí. "Mo bá ọ̀gá yín sọ ọ́. Ó ní kí n lọ mójú tó àwọn nọ́ọ̀sì mi." Ó kọjú sí mi. "N óò dúró fún yín. Kì í ṣe nítorí pé mo nífẹ̀ẹ́ yín. Ariwo ọ̀rẹ́ rẹ tó wà lójú fèrèsé kì í jẹ́ kí àwọn aláìsàn mi sùn."

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n pè mí wọlé lẹ́yìn Sístà. Dókítà àgbà wà níbẹ̀, àwọn àgbààgbà ìlú méjì kan wà níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ tíṣà rí ni alága wọn. Ọ̀gá wa jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀. Ó ní kò bójú mu kí a fọwọ́ sí ẹgbẹ́ tó fi májèlé sínú oògùn ọmọdé.

Sístà béèrè àyè láti sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Alága, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Ṣé ẹgbẹ́ wà tàbí kò sí?"

"Kò sí," ni Ọ̀gá dáhùn. "A kò fọwọ́ sí i."

"Ta ló wá fi májèlé sínú ìgò?"

"Ẹgbẹ́ ni."

"Ẹgbẹ́ tí kò sí ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà náà wúkọ́. Ẹ̀rín ló fi ikọ́ bò. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì nù ún pẹ́ títí.

"Ọ̀gá," ni bàbá náà wí, "a kò lè máa sọ fún àgbò pé kò ní ìwo, ká tún máa pè é lẹ́jọ́ pé ó kan ènìyàn. Tí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ́ nígbà ẹ̀sùn, ẹgbẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbà ìgbèjà." Ó bá dókítà sọ ọ́ ní èdè òyìnbó, dókítà náà sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fọwọ́ sí wa títí ẹjọ́ yóò fi parí. Wọ́n ní lẹ́yìn ẹjọ́, àwọn yóò mọ̀ bóyá kí ẹgbẹ́ náà wà tàbí kí wọ́n tú u ká. Lẹ́yìn náà ni alága bi mí pé kí ni ẹgbẹ́ mi fẹ́ sọ. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró títí Ìyá Bọ́lá yóò fi lè sọ̀rọ̀. Mo jókòó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn, ẹ̀wù mi sì ti rin gbindin fún òógùn.

Ìdúródè yẹn kò rọrùn. Ọkọ obìnrin náà, ẹni tó ń kọ igi rọ́bà láti gba omi rẹ̀, wá láti Arimogija pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀, ó dúró lẹ́nu géètì, ó ní kí wọ́n fi Dáúdà, ẹni tó fẹ́ pa aya òun, hàn òun. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló sọ orúkọ Dáúdà fún un? N kò ní ẹ̀rí, nítorí náà n kò ní sọ. Dáúdà kò jáde mọ́. Ó dákẹ́, ohun tí n kò rí rí. Láàárọ̀, ẹlòmíràn ló ń dúró lójú fèrèsé, àwọn ìyá tó tò síta a sì máa béèrè pé, "Aláriwo wa dà?" Ọ̀gá náà yóò kọjá lára mi, á rọra ní, "Akọ̀wé, ẹ̀wọ̀n ò ní tábìlì o."

Nígbà tí ahọ́n Ìyá Bọ́lá san, wọ́n gbé àga sílẹ̀ fún un níwájú ìgbìmọ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ṣì wúwo, èdè abúlé rẹ̀ ló sì ń sọ. Sístà ló ń tún un sọ fún àwọn tí kò gbọ́ ọ.

"Níbo lẹ ti rí ìgò náà, Ìyá?" ni alága bi í.

"Lókè àjà ilé wa ni. Àkísà pupa wà lọ́rùn rẹ̀."

Ọ̀gá wa na ọrùn.

"Àkísà pupa? Níbo ni àkísà náà wà?"

"Mo tú u," ni obìnrin náà wí. "Mo rò pé oògùn ìpara tí ẹ fún ọkọ mi nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún ló ti tán nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń pariwo lójú fèrèsé kọ́ wa pé mímu kì í wọ aṣọ. Oògùn mímu ni mo fẹ́ gbà, ni mo bá tú aṣọ rẹ̀. Ohun tí ẹ kọ́ wa ni mo ṣe."

Ọkọ rẹ̀ ni ó wá sọ̀rọ̀, kò dúró kí wọ́n bi í. Ásíìdì tí wọ́n fi ń mú omi rọ́bà dì ló kù sí ìsàlẹ̀ ìgò náà. Òun fúnra rẹ̀ ló so àkísà pupa mọ́ ọn. "Èmi náà tò sójú fèrèsé yín rí," ó wí. "Wọ́n ní pupa, ẹ má mu ún. Mo so ó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé mi má bàa mu ún."

Tọkọtaya kan, ẹ̀kọ́ kan náà, kálukú ṣe ohun tí a kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Mo wo Dáúdà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Orí rẹ̀ wà láàárín ọwọ́ rẹ̀.

Mo dìde. N kò mọ ibi tí okun ti wá. Mo ní ká ní sódà wà nínú agolo wa, ìgò yẹn ì bá ti hó lójú wa kí ẹ̀kán oògùn kan tó wọ inú rẹ̀, a ì bá sì ti jù ú nù. Dókítà òyìnbó gbé ojú sókè. Ó bi Ọ̀gá wa ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé òótọ́ ni pé sódà kò sí? Ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó dárúkọ ìfiṣòfò, ó dárúkọ ọ̀lẹ, ó dárúkọ ìgbéraga àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Kò dárúkọ sódà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè rò pé wọ́n lé e lọ. Rárá o. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí ibi tó tóbi ju tiwa lọ, wọ́n ṣe ìpàdé ìdágbére fún un, wọ́n sì ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ kọrin. A kọ ọ́. N kò tíì dárí orin yẹn ji ara mi. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dáúdà, kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tí kò lè jẹ ata mọ́ láyé rẹ̀.

Dáúdà padà sẹ́nu iṣẹ́, igi àti sódà padà, ìgbìmọ̀ sì ní kí ẹgbẹ́ wa ṣì dúró ná. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò tíì sọ nǹkan. Ìgò náà ṣì wà ní àgọ́ wọn, níwọ̀n ìgbà tó bá sì wà níbẹ̀, ẹjọ́ wà. Bí mo bá rí aṣọ ọlọ́pàá lọ́nà ọjà, mo máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rín tí Dáúdà ń rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń bu oògùn lọ́wọ́, ọlọ́pàá kan gun kẹ̀kẹ́ wọ ọgbà. Dókítà àgbà àti Sístà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́pàá náà tú ìdì kan, ìgò náà ló yọ jáde, aláwọ̀ igi, kékeré.

"Ọ̀gá àgọ́ wa ní ẹjọ́ ti parí," ó wí. "Wọ́n ní kí n dá ẹrù padà. Ta ló máa gbà á? Mi ò lè fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́."

Dókítà bá Sístà sọ̀rọ̀, Sístà sì kọjú sí wa.

"Dókítà ní kí wọ́n fún Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Apoògùn. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pátápátá láàárọ̀ yìí. Akọ̀wé, wá gba ẹrù ẹgbẹ́ rẹ."

Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gbà á. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni fún ẹgbẹ́ wa ní gbangba nìyẹn. Ọlọ́pàá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, mo sì dúró wò ó títí ó fi jáde ní géètì, n kò yà sí ẹ̀gbẹ́.

Dáúdà gba ìgò náà lọ́wọ́ mi. Ó bu sódà sí i, ó rọ omi gbígbóná lé e lórí. Ìgò náà hó gùgùgù, ìfófòó rẹ̀ sì ṣàn sí i lọ́wọ́. Ó dúró títí ó fi dákẹ́, ó gbé e jù sínú kòtò ìdalẹ̀nù, ó sì padà lọ yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó kígbe, "láti òní lọ, ta ló ń fọ ìgò kó tó gba oògùn?"

Ó ní láti kọ́ wọn ní ìdáhùn tuntun náà: "Ẹgbẹ́ ni."